Ẹsẹ̀, Ẹrẹ̀ àti Bàtà: Pípadà sí Eré Sísá ní Ìgbà Òjò

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ènìyàn kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ní ń lé e. Ẹni tí ó bá jáde ní kùtùkùtù òwúrọ̀ ní Bódìjà, tí ó rí olùkọ́ kan tí ó ti lé ní ogójì ọdún tí ó ń sáré gba ẹ̀gbẹ́ títì lọ, tí òógùn bo ojú rẹ̀, lè béèrè ohun tí ó ń lé. Kò lé ohunkóhun. Nǹkan ní ń lé e. Ìjókòó ní ń lé e: ìjókòó nínú ọkọ̀, ìjókòó nínú yàrá àwọn olùkọ́, ìjókòó nídìí ìwé iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ títí di alẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ a sì máa rìn ní ẹ̀yìn irú ìjókòó bẹ́ẹ̀. Nítorí èyí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe gba àgbàlagbà níyànjú ní 2020 pé kí ó máa fi ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, lọ́sẹ̀ ṣe eré ìdárayá tí ó mọ níwọ̀n, tàbí ìṣẹ́jú 75 bí eré náà bá le.

Ewu tí ó wà níbẹ̀ ni pé ọkàn ẹni tí ó ti pa eré sísá tì fún ọdún mẹ́wàá a máa rántí bí ó ti yára tó nígbà èwe, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti gbàgbé. Èémí a tètè bọ̀ sípò; iṣan àti oríkèé a máa pẹ́ kí wọ́n tó le. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti tipa bẹ́ẹ̀ ba orúnkún jẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kẹta, nígbà tí wọ́n rò pé agbára ti dé. Ohun tí ó tọ́ ni kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ lọ wọn ìfúnpá rẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Lẹ́yìn náà, kí ó máa sáré fún ìṣẹ́jú kan, kí ó rìn fún méjì, ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kí ó sì máa fi ọjọ́ ìsinmi sí àárín. Bí àyà bá ń dùn ún, kí ó dúró, kí ó sì wá dókítà lọ. Àwọn àgbà kò ṣèké tí wọ́n ní asárétete kò ní kọjá ilé, arìngbẹ̀rẹ̀ kò ní sùn sọ́nà.

Ọ̀rọ̀ bàtà ni ó kù. Àwọn kan a máa jiyàn pé bàtà kọ́ ní ń sáré, ẹsẹ̀ ni. Wọn a fi Abebe Bikila, ọmọ ilẹ̀ Ethiopia, ṣe ẹ̀rí, ẹni tí ó sá eré máratọ́ọ̀nù láì wọ bàtà ní Róòmù ní 1960, tí ó sì gba wúrà. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọn kì í sábà parí ìtàn náà. Ní Tókíyò ní 1964, láìpẹ́ lẹ́yìn tí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, Bikila tún gba wúrà, bàtà sì wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Ojú ọ̀nà ìlú ni ó sì sá a ní ẹ̀ẹ̀mejèèjì, kì í ṣe inú ẹrẹ̀. Àfọ́kù ìgò àti ìṣó a máa fara pamọ́ sínú ẹrẹ̀ ìgboro, bẹ́ẹ̀ ni aràn kan wà tí ń gba awọ ẹsẹ̀ wọ inú ara.

Nígbà òjò, ẹni tí ó bá yà kúrò lórí ọ̀dà ní Àgbowó tàbí ní ẹ̀yìn Challenge yóò bá ilẹ̀ pupa pàdé, èyí tí í le bí òkúta ní ọ̀gbẹlẹ̀, tí í sì í yọ̀ bí ilá bí òjò bá ti rọ̀. Bàtà kánfáàsì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ kò lè dúró níbẹ̀. Bàtà tí ó yẹ ni èyí tí ó ní eyín rọ́bà ní ìsàlẹ̀, tí eyín náà ga tó mìlímítà mẹ́rin sí mẹ́fà, tí wọ́n sì jìnnà sí ara wọn. Bí eyín bá sún mọ́ra jù, ẹrẹ̀ a há sí àárín wọn, ẹsẹ̀ olúwarẹ̀ a sì wúwo bí ẹsẹ̀ ẹni tí ń po amọ̀ ilé. Búùtù bọ́ọ̀lù a máa di ẹrẹ̀ mú, ṣùgbọ́n eyín rẹ̀ le. Bí ó bá dé orí ọ̀dà, a máa yọ̀, a sì máa dún orúnkún. Bàtà tí àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ga tí ó sì rọ̀ jù náà kò dára, nítorí ó ń jẹ́ kí ọrùn ẹsẹ̀ tètè yí.

Owó oṣù kò pọ̀, nítorí náà ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni yóò ra bàtà òkìrìkà. Kò burú, bí ó bá fi ara balẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ó tẹ àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ wò bóyá ó ṣì ń ta padà. Kí ó ká a díẹ̀ wò bóyá lẹ́ẹ̀ ti ń ṣí. Kí ó wo gìgísẹ̀ bóyá ó ti jẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ó lọ rà á, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, kí àyè àtàǹpàkò ọwọ́ kan sì kù níwájú ìka ẹsẹ̀. Kí ó má rán ẹlòmíràn, nítorí ojú olójú kò lè jọ ojú ẹni. Bí bàtà bá tutù, kí ó ki ìwé ìròyìn bọ inú rẹ̀, kí ó sì gbé e sí ibi atẹ́gùn. Iná a máa yọ́ lẹ́ẹ̀ rẹ̀.

Láti 1972 ni ọkọ̀ ti ń gba ọwọ́ ọ̀tún ní Nàìjíríà. Ọwọ́ òsì ni kí asáré gbà, kí ó lè rí ohun tí ń bọ̀. Bí omi bá sì ti ń ṣàn kọjá ọ̀nà, kí ó yípadà. Ìbàdàn kò gbàgbé odò Ògùnpa ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, bẹ́ẹ̀ ni kò gbàgbé àgbàrá oṣù kẹjọ 2011. Kò sí eyín bàtà tí ó lè di omi tí ń ṣàn mú. Ẹni tí ó yípadà níbẹ̀ kò ṣojo. Ó fẹ́ tún sáré lọ́la ni.