Kọ̀ǹpútà Ọmọ Àbúrò Wa

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan láàárín yín bi wá pé ta ní ń bá wa tẹ ìwé pélébé tí a ń pín fún yín, tí àmì ohùn inú rẹ̀ fi ń pé tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ àbúrò wa ni. Ẹ̀kọ́ akáńtì ni ó ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ọ̀dọ̀ wa ni ó sì ń gbé. Kọ̀ǹpútà tí ó fi ń tẹ̀ ẹ́ ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí.

Àlòkù ni kọ̀ǹpútà náà. Bí ọmọ yìí bá tàn án ní àárọ̀, yóò wẹ̀, yóò mu ẹ̀kọ, kí ó tó ṣí. Ẹni tí ń tún un ṣe ní kí a lọ ra tuntun. Owó dà?

Ẹ jẹ́ kí á là á yé ara wa. Kọ̀ǹpútà kò lè dá iṣẹ́ ṣe. Ètò kan ń bẹ nínú rẹ̀ tó dà bí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, òun ni ó ń pín iṣẹ́ fún gbogbo ìyókù. Èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ni Windows, tí ilé-iṣẹ́ Microsoft ń tà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1991, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní ìlú Helsinki, ní ilẹ̀ Finland, Linus Torvalds ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún 21, bẹ̀rẹ̀ ètò tirẹ̀. Kò tì í mọ́ àpótí. Ó gbé e síta kí ẹni tó bá fẹ́ kà á, kí ó kà á, kí ẹni tó bá lè tún un ṣe, kí ó tún un ṣe. Linux nìyẹn. Ní ọdún 2004, ọmọ ilẹ̀ South Africa kan, Mark Shuttleworth, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ẹ̀yà rẹ̀ kan jáde tí wọ́n pè ní Ubuntu. Ọ̀rọ̀ àwọn ará ibẹ̀ ni, ó jọ ohun tí àwa ń pè ní ìwà ọmọlúàbí. Ọ̀fẹ́ ni.

Ọ̀fẹ́ yìí ni ó kọ́kọ́ bà wá lẹ́rù. A ní, "Ọmọ mi, ohun tí wọn kò tà, kí ní ń ṣe é?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ọ̀fẹ́ ṣáà ni ẹ ń kọ́ àwọn àgbà ní ìwé. Kí ní ń ṣe ìwé tí ẹ ń kọ́ wọn?"

A pa ẹnu mọ́.

Ó da gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ sórí fláàṣì kan, ó gbé Ubuntu sórí òmíràn. Ó kọ́kọ́ ti orí fláàṣì náà dán an wò, láì tíì yọ nǹkan kan kúrò nínú kọ̀ǹpútà. Nígbà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí fi í sínú rẹ̀. Kò tíì dé ìdajì ni iná lọ! Bátìrì kò sì ní agbára mọ́. Àfi kí a gbé e sáré lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ ìsàlẹ̀ àdúgbò tó ní jẹnẹrétọ̀. Láàárín irun orí ni iṣẹ́ náà ti parí.

Ó ń yá ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ṣùgbọ́n kò rí íntánẹ́ẹ̀tì. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni oògùn rẹ̀ sì wà! Ẹ wo kọ́kọ́rọ́ tí a tì mọ́ inú àpótí. Tẹ́lẹ̀, bí kọ̀ǹpútà bá kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jáde, ńṣe ni yóò pa á, yóò ké pe atúnṣe. Lọ́tẹ̀ yìí ó jókòó, ó da ohun tó kọ sórí ìwé, ó ń kà á ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó fi okùn so fóònù rẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà kí ó lè lo dátà inú rẹ̀, ó wá ọ̀rọ̀ náà, ó sì bá ẹni tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, tó kọ bí òun ti ṣe é sílẹ̀. Ó tó wákàtí méjì. Kò san kọ́bọ̀ fún atúnṣe.

A kò ní tàn yín jẹ o, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó dùn. Ètò akáńtì kan tí wọ́n fi ń kọ́ wọn kò ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ń lọ lò ó. Nígbà tó sì ku ọ̀la kí ó fi ìwé àṣekágbá rẹ̀ sílẹ̀, ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀wé. LibreOffice ni òun fi kọ ọ́, Word ni tiwọn. Bí wọ́n ti ṣí i, gbogbo ìlà ìṣirò rẹ̀ dàrú, owó ọdún kan bọ́ sábẹ́ ọdún mìíràn. Ẹkún ni ó sun wálé. Ìyàwó wa ni ó ní kí ó kọ́kọ́ jẹun. Lẹ́yìn náà ni ó sọ ọ́ di PDF, èyí tí kì í yí padà níbikíbi tí wọ́n bá ti ṣí i, ó sì bá ọjọ́ ìfisílẹ̀.

Ní ti àmì ohùn, bírò ni àwa fi ń fi í sí i lẹ́yìn títẹ̀, ìwé kan lẹ́yìn òmíràn, títí ọwọ́ yóò fi máa ro wá. Ọmọ yìí ni ó rí i pé nínú àtẹ bọ́tìnì tí Ubuntu ní, Yorùbá wà níbẹ̀, Haúsá àti Ígbò náà wà. Ó gba ìka rẹ̀ ní ọjọ́ díẹ̀ kí ó tó mọ ọ̀nà, ó sì gégùn-ún díẹ̀, ṣùgbọ́n a kò gbé bírò mọ́.

Ìyá tó béèrè, ẹ wá sílé wa ní Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ọjà. Ọmọ náà ní òun yóò jẹ́ kí ẹ fi ọwọ́ ara yín tẹ orúkọ yín, pẹ̀lú àmì orí rẹ̀.