Ọkọ̀ Kékeré Létí Òkun Ńlá



Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi ni mo gbé wá lónìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìdànrè, Ufẹ̀ Òkè, ìlú wa tí àpáta gbè lẹ́yìn tí àpáta sì gbè níwájú, jìnnà sí òkun débi pé ọ̀pọ̀ ọmọ ibẹ̀ lè dàgbà kí wọ́n darúgbó kí ojú wọn má kan ìgbì rí. Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn wá, kí ó lọ bi àwọn oníṣòwò wa tí ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò gba Oǹdó, tí wọ́n gba Òrè, tí wọ́n gba Òkìtìpupa, títí tí wọ́n fi sọ̀ sí Igbókòdá, tí wọ́n sì ń kó ẹja bọ̀. Kí ó bi àwọn agégi pẹ̀lú, nítorí irú igi tí igbó wa ń hù náà ni wọ́n fi ń kan ọkọ̀ ní odò. Ẹja gbígbẹ tí a fi ń se ọbẹ̀ lábẹ́ òkè Òrósùn níhìn-ín, orí omi ló ti kọ́kọ́ rìn kí ó tó gun mọ́tò. Àwọn ọmọ wa kan sì ti ń dáwó jọ báyìí láti ra ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tí yóò máa ná Igbókòdá sí àwọn ìlú etí òkun. Àwọn wọ̀nyí gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, nítorí ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Àwọn ará Ìlàjẹ tí ń gbé ní agbègbè Igbókòdá yìí, àwọn tí wọ́n fi omi ṣe títì tí wọ́n tún fi omi ṣe oko, kò kọ́ ọkọ̀ wíwà lọ́dọ̀ ẹnì kankan. Kí ẹ́ńjìnnì tó dé ni wọ́n ti ń fi àjẹ̀ àti ọ̀pá tukọ̀ láti ọ̀sà dé ọ̀sà, tí apẹja wọn sì ń bá etí òkun lọ dé ilẹ̀ Kamẹrúùnù. Ní 1909 ni Ole Evinrude, ọmọ ilẹ̀ Norway tí ń gbé ní Milwaukee ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ́ńjìnnì kékeré tí ènìyàn lè fi ọwọ́ gbé, kí ó so ó mọ́ ìdí ọkọ̀, kí ó sì tú u wọlé nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ló gba ojú omi wa kan lónìí. Ẹ sì wo Ayétòrò, ìlú tí àwọn onígbàgbọ́ kan tẹ̀ dó sí etí òkun ní 1947: kò pẹ́ kò jìnnà tí wọ́n fi ní ibi ìkànkọ̀ tiwọn, tí ọmọ ìlú sì ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ lọ́wọ́ ọmọ ìlú. Ó dùn mí dé ọkàn pé òkun ń jẹ ilẹ̀ ìlú náà lọ, nítorí ìmọ̀ tí wọ́n kó jọ níbẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń rí ra lọ́jà.

Bí a bá ń wádìí ohun tó sọ ọkọ̀ kékeré di òkú, a ó rí i pé ìgbì ńlá kọ́ ni ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀ràn. Ohun kékeré kan ni a kò kà sí ní ilẹ̀, tí ó wá di ńlá ní ojú omi níbi tí kò ti sí fọganáisà. Kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Ìdí ọkọ̀ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pákó, òpèpè ni mo fara mọ́ jù, nítorí igi náà kì í tètè rà nínú omi, kòkòrò inú omi iyọ̀ tí ń gbẹ́ ihò sínú pákó kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rí i jẹ bí ó ti ń jẹ igi tó rọ̀. Ìrókò náà dára. Ṣùgbọ́n kò sí igi tí a fi sílẹ̀ nínú omi tí a kò ní rí ìjà rẹ̀: láti ìgbà dé ìgbà, kí a wọ́ ọkọ̀ gòkè, kí a ha àwọn ẹ̀dá oníkarawun tó lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ dànù, kí a jẹ́ kí ó gbẹ, kí a dí ojú ìsopọ̀ pákó, kí a tó kùn ún ní ọ̀dà. Ọkọ̀ fáíbà rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ bí ó bá sán, kí a tètè lẹ̀ ẹ́, kí omi má baà ráyè wọ inú rẹ̀. Ẹ má sì ṣe so ẹ́ńjìnnì tó tóbi ju ọkọ̀ lọ mọ́ ọn nítorí eré. Ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ wúwo jù, omi ẹ̀yìn ni yóò kún un.

Ẹ́ńjìnnì ni mo fẹ́ dúró tì díẹ̀, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ ń fi ojú di. Èyí tó pọ̀ jù lọ́wọ́ wa ni irú èyí tí a ń po ọ́ìlì mọ́ epo bẹntiróòlù rẹ̀. Ìwọ̀n tí wọ́n sábà máa ń lò ni ìdá 50 epo sí ìdá 1 ọ́ìlì, èyí ni pé kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 gba ọ́ìlì ìdajì lítà. Síbẹ̀, ìwé tí ó bá ẹ́ńjìnnì wá ni kí a gbà gbọ́ ju ẹnu ẹnikẹ́ni lọ. Bí ọ́ìlì bá kéré, irin yóò máa họ irin. Bí ó bá pọ̀ jù, èéfín yóò bo ọkọ̀, pọ́lọ́ọ̀gì yóò sì dúdú. Kí a sẹ́ epo náà kí ó tó wọ táǹkì, nítorí omi díẹ̀ péré nínú epo tó láti pa ẹ́ńjìnnì ní àárín ọ̀sà.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, omi tẹ́ẹ́rẹ́ kan a máa tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ máa wo omi yìí bí ìyá ti ń wo èémí ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Ní ìsàlẹ̀, lókè ibi tí pùròpẹ́là ti ń yí, kẹ̀kẹ́ rọ́bà kékeré kan wà tó ní apá bíi mélòó kan; òun ló ń fa omi sókè láti tu ẹ́ńjìnnì lára. Iyanrìn ọ̀sà a máa gé e jẹ, ọjọ́ orí a sì máa mú un le gbagidi títí apá rẹ̀ yóò fi kán. Atukọ̀ tó mọ iṣẹ́ a na ọwọ́ sí omi náà: bí ó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ tí ó sì ń tú tagbáratagbára, ara ẹ́ńjìnnì dá, bí ó bá gbóná tí ọwọ́ kò gbà á, tàbí tí ó ń kán tó tó tó, kí ó pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, kí ó ju ìdákọ̀ró sílẹ̀, kí ó wo ẹnu ibi tí omi ń gbà wọlé. Ó lè jẹ́ ọ̀rá ni ó dí i, tàbí ewéko tí ń léfòó, èyí tó ti ń gba ojú ọ̀sà wa láti 1984. Bí kò bá sí ìdènà níbẹ̀, rọ́bà ni. Owó rọ́bà yìí kò tó nǹkan kan lára owó ẹ́ńjìnnì, nítorí náà kí tuntun kan máa wà nínú àpótí irinṣẹ́, pẹ̀lú pọ́lọ́ọ̀gì méjì, sípánà rẹ̀, ọ̀bẹ mímú tí a ó fi gé àwọ̀n tó bá lọ́ mọ́ pùròpẹ́là, àti okùn tí a ó fi so sípánà mọ́ ọrùn ọwọ́. Irinṣẹ́ tó bá bọ́ sómi ti di ti Olókun.

Iyọ̀ òkun kò mọ olówó, kò mọ tálákà. Bí a bá ti ojú omi iyọ̀ dé, kí a ki ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì bọ inú àgbá tí omi tí kò níyọ̀ wà, kí a tan án fún ìṣẹ́jú mélòó kan láìfún un ní iná púpọ̀, kí omi náà fọ ìfun rẹ̀. Mo mọ̀ pé omi tí kò níyọ̀ ṣọ̀wọ́n ní etí òkun ju bí ó ti ṣọ̀wọ́n níhìn-ín lọ. Omi òjò tí a gbè sílẹ̀ tó fún iṣẹ́ yìí. Irin síńkì kékeré kan tún wà lára ẹ́ńjìnnì, tí a dìídì fi síbẹ̀ kí omi iyọ̀ lè máa jẹ ẹ́ dípò àwọn irin yòókù. Bí ó bá jẹ ẹ́ dé ìdajì, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má kùn ún ní ọ̀dà láé, nítorí síńkì tí ọ̀dà bò kò lè ṣiṣẹ́.

Nípa ẹ̀mí ènìyàn, ọ̀rọ̀ mi le díẹ̀. Àjọ NIWA tí ń mójú tó ọ̀nà omi ilẹ̀ wa kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ ọkọ̀ láìwọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́ ìrìn òru. Mo sì ń bínú nígbà tí mo bá rí jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n dì rúgúdú sábẹ́ àga kí òṣìṣẹ́ ìjọba lè rí i. Ara ènìyàn ni ipò rẹ̀, kí a sì ti dè é kí ọkọ̀ tó kúrò ní èbúté, nítorí bí ọkọ̀ bá dojú dé, kò sí àyè okùn dídè. Kí atukọ̀ so okùn pupa tí ń pa ẹ́ńjìnnì mọ́ ọwọ́ tàbí mọ́ bẹ́líìtì rẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì lè kú bí òun bá ṣubú, kí pùròpẹ́là má baà yí padà wá bá a. Kí àjẹ̀ méjì wà nínú ọkọ̀, àti igbá ìgbọ́nmi, fèrè, tọ́ọ̀ṣì tí a wé sínú ọ̀rá, omi mímu, àti ìdákọ̀ró tí okùn rẹ̀ gùn ní ìlọ́po márùn-ún jíjìn omi ó kéré tán, nítorí okùn kúkúrú a máa fa ìdákọ̀ró tu nílẹ̀.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Láti Oṣù Kẹfà dé Oṣù Kẹsàn-án, ìgbì òkun a máa ga. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kéré, ọ̀sà ni kí ó máa gbà, kí ó fi ojú òkun gbangba sílẹ̀. Nígbà tí àsìkò òjò bá ń bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tó bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, ẹ̀fúùfù líle a máa ti ìlà oòrùn já wá lójijì: bí àwọsánmà dúdú bá ti kóra jọ níbẹ̀, kí ọkọ̀ wá èbúté. Nínú ọyẹ́, kùrukùru òwúrọ̀ a máa bo omi títí a kò fi ní rí orí ọkọ̀ láti ìdí rẹ̀. Atukọ̀ tí irú rẹ̀ bá bá lójú ọ̀nà, kí ó yà kúrò ní ojú ibi tí ọkọ̀ ń gbà, kí ó ju ìdákọ̀ró sílẹ̀, kí ó máa fun fèrè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí ọkọ̀ mìíràn lè gbọ́, kí ó sì dúró títí oòrùn yóò fi lé e kúrò. Kí ó tó kúrò nílé rárá, kí ó ti sọ fún ẹnì kan ní èbúté ibi tó ń lọ, iye ènìyàn tó kó, àti àkókò tí yóò dé, kí wọ́n lè mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n wá a lọ.