Iyọ̀ Tí Ó Ńgba Ohun Tirẹ̀ Padà



Àwa Yorùbá a máa wípé òrí yọ́ nínú oòrùn. A sì tún máa wípé iyọ̀ yọ́ sínú ọbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ méjì ni. Ooru ni ó sọ òrí di omi. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ gba iyọ̀ mọ́ra títí a kò fi rí i mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ di ìyàtọ̀ yìí mú.

Nínú iyọ̀ tí a fi ńse oúnjẹ, irin kan wà tí à ńpè ní sódíọ̀mù. Ó funfun bí fàdákà, ó sì rọ̀ tóbẹ́ẹ̀ tí a lè fi ọ̀bẹ gé e. Humphry Davy ni ó kọ́kọ́ rí i ní London li ọdún 1807, nígbà tí ó fi agbára mànàmáná yọ ọ́ láti inú sódà líle. Láti yọ ọ́ láti inú iyọ̀ gan-an, a ní láti fi iná yọ́ iyọ̀ náà. Èyí kò sì rí bẹ́ẹ̀ títí ooru yóò fi dé ìwọ̀n 801 ti Celsius. Bí mànàmáná bá kọjá nínú rẹ̀, sódíọ̀mù a jáde ní apá kan, kílórínì, afẹ́fẹ́ olóró, a sì jáde ní apá kejì.

Níhìn-ín ni ìṣòro gbé wà. Iyọ̀ gbígbóná náà a máa gba irin náà mọ́ra padà, gẹ́gẹ́ bí ọbẹ̀ ti ńgba iyọ̀. Irin tí ó yọ́ sínú rẹ̀ a tú ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ sílẹ̀, mànàmáná a sì rí ọ̀nà kọjá láìṣe iṣẹ́ tí a rán an. Irin náà a tún bá kílórínì pàdé, àwọn méjèèjì a sì padà di iyọ̀. Bí ooru ti ńpọ̀ sí i ni àdánù náà ńpọ̀ sí i. Bí ó bá sì kọjá ìwọ̀n 1080, nínú ohun èlò tí a dé pa, kò sí iye irin tí iyọ̀ náà kò lè gbà.

Kí ni ọgbọ́n rẹ̀? Li ọdún 1924 a fún J. C. Downs ní ìwé àṣẹ ní Amẹ́ríkà fún ìléru kan. Nínú irú ìléru yìí a po iyọ̀ kálísíọ̀mù mọ́ iyọ̀ ọbẹ̀, nítorí àpòpọ̀ iyọ̀ méjèèjì a máa yọ́ ní ìwọ̀n bíi 600. A sì fi àwọ̀n irin ya sódíọ̀mù kúrò lọ́dọ̀ kílórínì. Iná dínkù, èrè sì pọ̀.

Àwọn àgbà ti wí i pé, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ìléru pàápàá jẹ́rìí sí i.