Owó Ta Ni Wọ́n Fi Ń Wádìí Ìjàǹbá Ọkọ̀?

Ọ̀rọ̀ owó ni mo fẹ́ sọ.

Nígbà tí bàálù Bellview já ní abúlé Lísà, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ní October 22, 2005, gbogbo èèyàn 117 tó wà nínú rẹ̀ ló kú. Wọ́n wá àpótí tó ń gba ohùn sílẹ̀ nínú bàálù, wọn ò rí i. Owó lọ, ọdún lọ, àwọn olùwádìí ò sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé ohun báyìí ló fà á. Ẹnìkan á ní, "Òkú wo ni owó yẹn jí?" Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ o. Nítorí ẹni tó máa wọ bàálù lọ́la ni wọ́n ṣe ń wádìí. Wọn kì í tilẹ̀ wá ẹni tí wọ́n máa dá lẹ́bi, ohun tó bàjẹ́ ni wọ́n ń wá.

Ta ló ń sanwó rẹ̀? Lábẹ́ òfin 2006, wọ́n máa ń yọ naira 5 lórí 100 nídìí tíkẹ́ẹ̀tì nígbà náà, 3 nínú 100 owó tí wọ́n bá yọ ló sì jẹ́ ti àwọn olùwádìí. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí ọjà: tíkẹ́ẹ̀tì 20,000, wọ́n yọ 1,000, ìwádìí gba 30. Ọgbọ̀n naira péré! Lọ́dún 2022, òfin tuntun sọ ilé iṣẹ́ náà di NSIB, ó fi reluwé àti ọkọ̀ ojú omi kún iṣẹ́ wọn. Àwọn ló wádìí reluwé tó kọ lu bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ìjọba l'Ékòó ní March 2023.

Títì ńkọ́, níbi tí ẹrù tiwa ń gbà? Ti Road Safety nìyẹn. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tiwa yìí ló kọ́kọ́ dá irú rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1977, kí ìjọba àpapọ̀ tó dá tiwọn lọ́dún 1988. Wọ́n ń gbé èèyàn lọ sí ọsibítù, wọ́n ń kó ọkọ̀ kúrò lọ́nà, Ọlọ́run á san án fún wọn. Ṣùgbọ́n tí tírélà tòmátì bá dà nù, "bírékì ló já" la máa ń gbọ́, ó parí. Ta ló tún bírékì ọ̀hún ṣe kẹ́yìn? Báwo ni ẹrù orí rẹ̀ ṣe wúwo tó? Àwa là ń san owó ìbéèrè tí wọn ò bi: ẹrù tó ṣòfò, owó ìrànwọ́, ẹ̀yáwó tí ọmọ ẹgbẹ́ ò rí san mọ́.

Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká ra ìwé kan sí ọ́fíìsì. Ọmọ ẹgbẹ́ tí ọkọ̀ ẹrù rẹ̀ bá dà nù, kó wá sọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀, aago mélòó, ohun tí dẹ́rẹ́bà wí àti iye tó bá a lọ. Tó bá pé ọdún kan, àwa ìgbìmọ̀ á gbé e lọ bá àwọn onímọ́tò àti Road Safety.