Ta Ni Títì Sọ Di Olówó?



Ní 2006, ìjọba Èkó fi títì Lẹ́kìí sí Ẹ̀pẹ́ lé ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́ fún 30 ọdún, pé kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n sì gba owó wọn padà lọ́wọ́ àwa tí à ń gba ibẹ̀ kọjá. Oṣù Kejìlá 2011 ni owó ibodè bẹ̀rẹ̀: náírà 120 lórí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, 80 lórí dánfó. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ mọ ẹni tó san 80 yẹn: èrò ni. Nígbà tó di 2013, ìjọba tún fi owó ìlú ra ẹ̀tọ́ náà padà.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀gbẹ́ títì. Ẹni tó ra ilẹ̀ síbẹ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ ẹrẹ̀, tó mọ ògiri yí i ká, tó lọ sùn sílé, títì ló sọ ilẹ̀ rẹ̀ di wúrà. Kò wakọ̀, kò ru búlọ́ọ̀kù. Kọ́bọ̀ kan kò sì jáde lápò rẹ̀ ní ibodè, nítorí ilẹ̀ kì í gba ibodè kọjá.

Kí kọngílá ṣe títì, kó gba owó iṣẹ́ rẹ̀, kó máa lọ. Orí ilẹ̀ ni kí owó náà ti wá. Láti 2001 ni Èkó ti ní òfin Land Use Charge lórí ilẹ̀ àti ilé. Kí wọ́n bu púpọ̀ lé ilẹ̀ òfìfo tí títì gbé owó rẹ̀ sókè. Wọ́n á ní onílé yóò dà á lé ayálégbé lórí. Ilẹ̀ tí kò sí ilé níbẹ̀, ta ni ayálégbé rẹ̀? Àfi aláǹgbá.

Mo dábàá pé kí ẹ̀ka wa kọ̀wé sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó lórí ọ̀rọ̀ yìí, kí a sì dìbò sí i kí ìpàdé òní tó tú.