Abẹ́rẹ́ Abẹ́ Ojú

Kí n tó sọ ohunkóhun, ó yẹ kí n jẹ́wọ́ pé dókítà ìwé ni mí, n kì í ṣe dókítà ìwòsàn. Èdè Yorùbá ni mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì. Dókítà tòótọ́, tí ó mọ̀ nípa awọ ara, ni ó jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún mi yìí. Ó ti ka ohun tí mo fẹ́ sọ, ó sì ti fa igi lé ibi tí ó yẹ kí ó fagi lé. Bí ẹ bá wá ń bi mí pé kí ni olùkọ́ èdè ń wá nínú ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́, ìyá mi ni kí ẹ bi.

Mo ní àbúrò obìnrin kan tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù. Láti kékeré ni abẹ́ ojú rẹ̀ ti jin bí ti bàbá wa, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ fi máa ń bi í pé ṣé kò sùn mọ́jú ni. Ó lọ gba abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń dí ibi tí ó jin náà. Oṣù méjì lẹ́yìn èyí, ojú rẹ̀ ṣì ń wú ní òròòwúrọ̀. Ó ya àwòrán ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá wa ní Ìbàdàn, ó sì fi ìwé pélébé tí wọ́n fún un níbi tí ó ti gba abẹ́rẹ́ náà tẹ̀ lé e. Ni ìyá wa bá pè mí. Ó ní, "Bàbá Táyọ̀, wá ka ìwé yìí fún mi ní Yorùbá. Kí ni wọ́n fi sí ojú ọmọ mi? Ṣé ó sì ṣeé yọ?"

Ìbéèrè kejì yẹn ni mo gbé wá síbí lálẹ́ òní.

Nígbà tí mo jókòó ti ìwé náà, ohun tí ó kọ́kọ́ dí mi lọ́wọ́ ni pé orúkọ kan ṣoṣo ni ẹni tí ó kọ ọ́ lò fún gbogbo ohun tí abẹ́rẹ́ náà lè fà. Ojú tí ó pọ́n díẹ̀ àti ojú tí ó fọ́ pátápátá, àmì kan náà ni ó fi síwájú wọn, ìlà kan sì ni ó wà láàárín wọn. Èmi kò lè fi ẹnu Yorùbá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún àgbàlagbà. Mo pín wọn fún un sí èyí tí ń lọ fúnra rẹ̀, èyí tí ń jókòó ti ni, àti èyí tí kì í dúró de ni. Ó ní ó yé òun wàyí.

Ṣùgbọ́n kí ni ohun tí ó wà nínú abẹ́rẹ́ náà gan-an? Ó mọ́ gaara, ó sì ń yọ̀ bí omi ẹyin adìẹ. Hyaluronic acid ni orúkọ rẹ̀. Karl Meyer àti John Palmer ni wọ́n rí i ní New York ní 1934, nínú omi kíki tí ó wà nínú ẹyinjú màlúù, wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ tí ó jẹ mọ́ gíláàsì ní èdè Gíríìkì. Ẹ wo bí ohun tí a kọ́kọ́ rí nínú ẹyinjú ṣe padà wá sí abẹ́ ojú! Ó wà lára gbogbo wa, nínú awọ àti nínú oríkèé; ó fẹ́ràn láti máa fa omi mọ́ra. Èyí tí wọ́n ń gún sí ojú, ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ṣe é, tí wọ́n sì so ó pọ̀ kí ara má baà tètè yọ́ ọ.

Kì í ṣe òun ni ó kọ́kọ́ dé. Ní 1899, Robert Gersuny, oníṣẹ́-abẹ kan ní Vienna, bẹ̀rẹ̀ sí í fi epo dídì, irú fasilíìnì tí a fi ń pa ara, gún abẹ́ awọ ènìyàn. Ó dára lójú fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí ó yá, epo náà di kókó, ó ń ṣí nípò, kò sì ṣeé yọ àfi pẹ̀lú ọ̀bẹ. Èyí tí wọ́n ṣe láti ara awọ màlúù gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní 1981, hyaluronic acid sì tẹ̀ lé e ní 2003. Síbẹ̀, ó di 2022 kí àjọ tí ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn níbẹ̀ tó fọwọ́ sí irú rẹ̀ kan pàtó fún abẹ́ ojú. Ní gbogbo ọdún tí ó wà láàárín, òye ara wọn ni àwọn dókítà fi ń lò ó níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò ti máa sọ nílé báyìí pé, ta ni ó ní kí ó lọ gún ojú tí Ọlọ́run fún un? Ẹ má tètè dá a lẹ́jọ́. Àwa náà ti ń lé tìróò tipẹ́. Ní Boston ní 2011, àwọn dókítà bá òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan. Tìróò tí ẹbí rà ní ọjà ní Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀ ń fi sí i lójú. Nígbà tí wọ́n yẹ tìróò náà wò, ó lé ní ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá rẹ̀ tí ó jẹ́ òjé. Ẹni tí ó lé tìróò fún ọmọ náà kò ní èrò búburú lọ́kàn.

Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé: ibi tí ó jin ni abẹ́rẹ́ yìí ń dí, kì í fọ dúdú. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó jẹ́ pé àwọ̀ tí a bí mọ́ ni ni ó dú lábẹ́ ojú wa. Ẹni tí ó bá gba abẹ́rẹ́ nítorí ìyẹn yóò na owó rẹ̀ dànù.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí á padà sí èyí tí ń lọ fúnra rẹ̀. Ojú lè wú lọ́jọ́ tí a gún un, ó lè pọ́n, ó lè dun ni, ẹ̀jẹ̀ sì lè sun sí abẹ́ awọ kí ó dúdú. Láàárín ọjọ́ mélòó kan sí ọ̀sẹ̀ méjì, ó yẹ kí ó ti rọlẹ̀. Aṣọ mímọ́ tí a fi omi tútù rẹ ni kí a máa fi lé e jẹ́jẹ́. A kò gbọdọ̀ gbé omi dídì lé awọ ní ìhòòhò. Kí a fi ìrọ̀rí gbé orí sókè bí a bá ń sùn. Kí a yẹra fún ọtí, iṣẹ́ agbára àti ooru fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kí a má sì kun ojú títí ojú abẹ́rẹ́ yóò fi dí. Ẹni tí dókítà fún ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì kò gbọdọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀ nítorí ojú dúdú. Ibí yìí ni èmi àti ìyá mi ti jiyàn, nítorí pé omi gbígbóná ni òun fi ń tẹ gbogbo ohun tí ó bá wú, ó sì ti fẹ́ ní kí ọmọ rẹ̀ fi òrí ra á kí ó sì tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan. Títẹ̀ ni ó burú jù. Ẹ má fọwọ́ ra á, àfi bí ẹni tí ó gún un bá ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Èyí tí ń jókòó ti ni ni ti àbúrò mi. Abẹ́ awọ ibẹ̀, àwọn ọ̀nà tóóró wà tí omi ara ń gbà ṣàn kúrò ní ojú. Bí ohun tí a fi dí i bá pọ̀ jù tàbí tí ó bá jókòó sí ibi tí kò yẹ, ó dà bí ìgbà tí iyanrìn dí gọ́tà. Bí a bá fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lóru, omi yóò kó jọ síbẹ̀. Bí a bá dìde tí a ń rìn, yóò máa fà díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyí tí ojú fi ń wú láàárọ̀ tí ó sì ń rọlẹ̀ lọ́sàn-án. Ti ẹlòmíràn ni pé abẹ́ ojú rẹ̀ yóò máa yọ àwọ̀ aró. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Awọ ibẹ̀ fẹ́lẹ́. Bí wọ́n bá gún un sókè jù, ìmọ́lẹ̀ tí ó bá wọlé yóò fọ́nká lára ohun náà, aró ni yóò sì dá padà sí ojú ẹni tí ń wò ó. John Tyndall, ọmọ Ireland, ṣàlàyé irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ẹ wo èéfín igi ìdáná nígbà tí oòrùn bá tàn sí i, ẹ óò rí àwọ̀ náà. Ti ẹlòmíràn ẹ̀wẹ̀, kókó ni, ó sì lè jẹ́ pé lẹ́yìn oṣù púpọ̀ ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ wú. Wọ́n máa ń sọ fún ènìyàn pé láàárín ọdún kan ohun náà yóò ti yọ́ tán. Ẹ̀rọ ayàwòrán inú ara ti fi hàn pé ó lè wà lábẹ́ ojú fún ọdún púpọ̀.

Omi tútù kò lè wo irú èyí. Oògùn tí ń tú u ni hyaluronidase. Inú kórópọ̀n àgbò ni wọ́n ti ń yọ irú rẹ̀ kan. Nígbà tí mo túmọ̀ èyí fún ìyá mi, ó ní kí n tún un kà. Bí wọ́n bá fi gún ibẹ̀, láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì, ohun tí ó ti dì yóò máa yọ́. Ṣùgbọ́n ara ẹlòmíràn kì í gbà á. Ẹni tí oró oyin máa ń ṣe léṣe gidigidi gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí wọ́n tó gún un. Bákan náà, hyaluronic acid nìkan ni ó lè tú. Bí ó bá jẹ́ silicone ni wọ́n fi sí ojú, tàbí irú èyí tí ó ní kálísíọ̀mù nínú, kò rí nǹkan kan ṣe sí i.

Ìdáhùn ìbéèrè ìyá mi nìyẹn: ó ṣeé yọ, bí a bá mọ ohun tí ó jẹ́, tí a sì rí ẹni tí ó ní oògùn náà lọ́wọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti burú. Obìnrin tí ó gún àbúrò mi mọ bí a ti ń lẹ irun ìpéǹpéjú, ó sì lọ kọ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ kún un. Kò fi ọwọ́ líle mú un, kò purọ́ fún un. Nígbà tí ó padà lọ bá a pé kí ó tú u, ó ní òun kò ní oògùn rẹ̀. Kò sì lè ní in, nítorí pé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a kì í ta hyaluronidase láìsí ìwé ẹni tí òfin fún ní àṣẹ láti kọ oògùn fún aláìsàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí àbúrò mi lọ, òfin kò béèrè irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ gún ohun tí oògùn náà ń tú. Ẹni tí ó lè dì í kò lè tú u! Bruce Keogh àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ ti ké gbàjarè lórí èyí fún ìjọba ní 2013. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 2021, òfin kà á léèwọ̀ níbẹ̀ fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Òfin mìíràn ní 2022 sì fún ìjọba ní agbára láti fi ìwé àṣẹ dè é. Ní oṣù kẹwàá 2021 kan náà, àjọ Amẹ́ríkà tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan kìlọ̀ nípa ẹ̀rọ tí kò ní abẹ́rẹ́, tí àwọn kan ń rà láti fi ta ohun náà sí ara wọn nílé.

Èyí tí kì í dúró de ni kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó wà. Mílílítà 1 ni ó sábà máa ń wà nínú abẹ́rẹ́ kan, ìyẹn ìdá kan nínú márùn-ún ṣíbí tí a fi ń po tíì. Àmọ́ bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Bí díẹ̀ nínú rẹ̀ bá wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀, ó lè dí i. Bí awọ bá funfun lójijì tàbí tí ó ṣe àdíkálà bí àwọ̀n, tí ìrora rẹ̀ sì kọjá bó ti yẹ, ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ kejì. Bí ojú bá ṣókùnkùn, tí ènìyàn ń rí nǹkan ní méjìméjì, tí ìpéǹpéjú já wálẹ̀, tí orí ń fọ́ kíkankíkan, tí apá kan ara kò lágbára, tàbí tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu, ilé ìwòsàn ńlá tí ó ní ẹ̀ka ojú ni kí ẹ sáré gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ìṣẹ́jú ni a fi ń ka ọ̀rọ̀ ẹyinjú tí ẹ̀jẹ̀ kò dé, a kì í fi ọjọ́ kà á. Kí ẹni tí ó gbé e lọ sì wí kedere pé abẹ́rẹ́ ni wọ́n gún sí i lábẹ́ ojú, kí ó má tijú.

Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, nítorí pé wọ́n ń bi mí, pé kí wọ́n tó jókòó fún ẹnikẹ́ni, kí wọ́n bi í pé níbo ni oògùn tí ń tú u wà, kí ó gbé e jáde kí wọ́n rí i. Kí wọ́n gba orúkọ ohun tí ó fẹ́ gún àti nọ́ńbà tí ó wà lára páálí rẹ̀, kí wọ́n kọ ọjọ́ àti iye rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ó gbà á ní òkè òkun, tí ó sì wálé ṣọdún, ìwé yẹn ni dókítà ilé yóò kọ́kọ́ béèrè.

Àbúrò mi rí dókítà tí ó tú tirẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gún un. Ojú òsì tètè rọlẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ. Abẹ́ ojú náà ti jin padà. Nígbà tí ìyá wa rí i lórí fóònù, ó ní, "Ojú bàbá rẹ ti dé." Ó sì ní kí n kọ apá tí kì í dúró de ni gàdàgbà sórí ìwé mìíràn, kí òun lè fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n òun tí wọ́n wà ní Manchester. Olóòtú, ibi tí mo bá ọ̀rọ̀ dé rè é. Ìbéèrè tí ó kù di ti dókítà.