Píìnì Kan Kò Gbọdọ̀ Ní Olówó Méjì

Ìlú ọlọ́sàn ni Fìdítì ní ìjọba ìbílẹ̀ Afijió wa, ẹni tí ó ń ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́ kò sì lè ṣàì rí èso tí wọ́n tò sí ẹ̀bá títì níbẹ̀. Ìlọrà náà ní ibùdó àgbẹ̀ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀ láyé ọjọ́un. Ó tọ́, nígbà náà, bí ọmọ wa bá mú bọ́ọ̀dù kékeré tí ó ń gba àṣẹ kọ̀ǹpútà lọ́wọ́, kí ọkàn rẹ̀ kọ́kọ́ lọ sí ẹ̀rọ tí yóò máa wo ọ̀rinrin ilẹ̀, tí yóò sì máa fún ewébẹ̀ lómi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Arduino ni ọ̀pọ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Ivrea ní Ítálì ní ọdún 2005. Èyí tí à ń pè ní Uno nínú wọn ní píìnì 14, ìyẹn ojú ibi tí a ń so wáyà mọ́, láti 0 dé 13, ó sì tún ní mẹ́fà mìíràn, A0 dé A5. Bí a bá wò wọ́n, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n jọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan náà tí ó bí ìka kò ní kí ìka dọ́gba. Kọ̀ǹpútà ni ó ni 0 àti 1, nítorí ibẹ̀ ni ó ń gbà bá bọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá so ẹ̀rọ tí ń lo káàdì SIM mọ́ wọn yóò rí i pé kóòdù tuntun kọ̀ láti wọlé.

Ẹ jẹ́ kí á wo àgbẹ̀ tí ó fẹ́ kí ẹ̀rọ rẹ̀ fi iye ọ̀rinrin hàn lójú ìwòran, kí ó sì máa kọ ọ́ pa mọ́ sínú mẹ́mọ̀rì kádì. Àpẹẹrẹ kóòdù tí gbogbo ayé ń dà kọ fún ojú ìwòran náà ń lo píìnì 12, 11, 5, 4, 3 àti 2. Mẹ́mọ̀rì kádì, ẹ̀wẹ̀, ń lo 11, 12 àti 13, àwọn tí ó ṣe Uno ni ó sì yàn wọ́n bẹ́ẹ̀. Bí a bá dán ojú ìwòran wò lóun nìkan, yóò kọ̀wé. Bí a bá dán kádì wò lóun nìkan, yóò gba iye náà pa mọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá pa wọ́n pọ̀, ìwé á dàrú, kádì á kọ̀ láti ṣí, ọ̀dọ́ á sì lọ ra kádì mìíràn, á máa bú ẹni tí ó tà á fún un. Kò sí ohun tí ó bàjẹ́. Ilẹ̀ tí wọ́n tà fún ẹni méjì ni ọ̀ràn yìí jọ, tí olúkúlùkù ní ìwé lọ́wọ́, tí ariwo kò sì sọ títí di ọjọ́ tí àwọn méjèèjì gbé búlọ́ọ̀kù dé. Kọ̀ǹpútà tí ó ń túmọ̀ kóòdù wa kì í sì í kìlọ̀, nítorí kò rí àṣìṣe kankan nínú ohun tí a kọ.

Ẹlòmíràn á ní òun mọ àtúnṣe: kí a fi ẹ̀rọ alágbàsọ kékeré sẹ́yìn ojú ìwòran, èyí tí A4 àti A5 nìkan tó fún. Òótọ́ ni, bí kò bá ti fi sẹ́ńsọ̀ tí ń ka ọ̀rinrin ebè mẹ́fà kún A0 dé A5 tán. Bí ó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ńṣe ni ó kó ìjà láti ìdí kan lọ sí òmíràn. Èyí tí ó tún jinlẹ̀ jù ni ti mọ́tò kékeré tí à ń pè ní servo: bí a bá ti pe kóòdù Servo wọlé lórí Uno, píìnì 9 àti 10 kò ní lè dín agbára iná kù tàbí kí wọ́n bù kún un mọ́, ì báà jẹ́ píìnì mìíràn ni a so mọ́tò náà mọ́.

Irú bọ́ọ̀dù mìíràn tí ó ń lo ESP32, tí ilé iṣẹ́ Espressif ní Shanghai gbé jáde ní 2016, ní wàhálà tirẹ̀. Ibi ìpamọ́ kóòdù rẹ̀ ni ó ni píìnì 6 dé 11. 34 dé 39 ń gbọ́, wọn kì í fọhùn. Bí iná bá sì wà lórí 12 nígbà tí a tan bọ́ọ̀dù, ó lè kọ̀ láti jí. Sẹ́ńsọ̀ tí a so mọ́ 25, 26 tàbí 27 á ka ọ̀rinrin dáadáa títí Wi-Fi á fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nígbà náà ni á dákẹ́. Ẹ so ó mọ́ 32 dé 35.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ẹ mú ìwé kan kí ẹ tó mú wáyà. Ẹ kọ nọ́ńbà píìnì kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ó ń bèèrè rẹ̀, iṣẹ́ tí yóò fi í ṣe, àti ohun tí kóòdù tí ẹ pè wọlé ń gbà láìsọ. Níbi tí orúkọ méjì bá ti hàn, ibẹ̀ ni kí ẹ dúró, nítorí bí ohun méjì bá ń ti iná sí ara wọn lórí píìnì kan, ó lè ju mílíáḿpù 40 tí Uno lè fara dà lọ, píìnì náà á sì kú pátápátá. Ẹ̀yin olùkọ́ Afijió, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan tan iná sí bọ́ọ̀dù kí ẹ tó gba ìwé yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì fún un ní máàkì lórí rẹ̀.